Ṣé kí n ta Z420 mi ni, àbí kí n dì í mú?

Onífídíò Abẹ́òkúta: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá mi. Ọdún 2019 ni mo ra kọ̀ǹpútà HP Z420 tòkunbọ̀ ní Computer Village, Xeon E5-1650 v2 ni processor (ọpọlọ) rẹ̀, RAM 64GB. Fídíò ìgbéyàwó tí mo ti fi ṣe kò lóǹkà, òun ni mo fi ń san owó ilé. Windows 10 ló wà nínú rẹ̀, Microsoft sì ti pa á tì láti ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá 2025. Windows 11 kò gbà á: TPM 2.0 (ṣíìpù ààbò) ni wọ́n ń béèrè, 1.2 ló ní. Lánàá, mo ní kí n gbé Premiere Pro tuntun, sọ́fítíwíà tí mo fi ń ṣe fídíò, sí i, ó kọ̀, nítorí processor rẹ̀ kò ní AVX2, ìyẹn àwọn àṣẹ tó ń mú ìṣirò yá. Wọ́n ní kí n tà á, àmọ́ kò já mi kulẹ̀ rí. Kí ni kí n ṣe?

Ọmọ Ìkẹjà: Ẹ̀gbọ́n, ẹ tà á, kí ẹ fowó lé e ra Z440. Xeon v3 àti v4 ló ń gbà, AVX2 wà nínú méjèèjì.

Bàbá Atúnkọ̀ǹpútàṣe: Àbúrò, fara balẹ̀. Inú processor fúnra rẹ̀ ni AVX2 ń wà. Orí ìran processor tó ń jẹ́ Haswell ni Intel ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ìran Ivy Bridge tó ṣáájú sì ni tìrẹ. Kò sí sọ́fítíwíà tó lè fi kún un, Z420 ò sì gba v3. Z440 ní in lóòótọ́, àmọ́ RAM DDR4 ló ń lò. Níbo lo máa ki DDR3 64GB rẹ sí? Windows 11 ò sì ka v4 náà mọ́ àwọn tó tẹ́wọ́ gbà. Owó á lọ, ìdajì ìṣòro á ṣì wà nílẹ̀. Má tà á.

Àǹtí Ẹlẹ́dìtì: Iná ńkọ́, ẹ̀yin bàbá? 130W ni processor yẹn nìkan, ká má tíì sọ ti káàdì àwòrán. Mo lo irú rẹ̀ rí. Bí NEPA bá mú iná lọ tí mo ń render (tí ẹ̀rọ ń pa fídíò pọ̀), ìyàwó ò tíì jó wọlé tán tí inverter á ti máa ké pì, pì, pì. Owó bẹntiróòlù ló jẹ́ kí n fi í sílẹ̀.

Bàbá Atúnkọ̀ǹpútàṣe: Òótọ́ lo sọ, ìyá. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tuntun tó ní 64GB kì í ṣe owó kékeré. Àbúrò, Premiere tí o ń lò tẹ́lẹ̀ ni kó o dúró lé, kó o yọ kọ̀ǹpútà náà kúrò lórí íntánẹ́ẹ̀tì nítorí Windows tí wọ́n ti pa tì yẹn, àfi nígbà tí Adobe bá fẹ́ yẹ àṣẹ rẹ wò. Fi Linux, tó lè rọ́pò Windows, sórí SSD (ibi ìpamọ́) mìíràn, kó o fi Kdenlive, sọ́fítíwíà fídíò, dánra wò.

Onífídíò Abẹ́òkúta: Ẹ ṣé gan-an, bàbá. Mo ti fa wáyà íntánẹ́ẹ̀tì yọ. SSD 240GB kan wà nílẹ̀, òun ni màá lò lálẹ́ yìí. Ìgbéyàwó ọjọ́ Sátidé ni màá fi dán an wò. Àǹtí, ẹ̀rọ wo lẹ wá ń lò báyìí?