"Ìtẹ̀sí" yàtọ̀ sí "iye": lórí àwọn ọ̀rọ̀ fún wíwọn ipò ìlera

Àbá tó wà níwájú wa ni pé ká pe ìṣirò tí wọ́n fi ń wọn ipò ìlera látinú ohun táwọn èèyàn yàn ní "àwòṣe ìfẹ́ ọkàn", ká pe gbogbo òǹkà tó bá tinú rẹ̀ jáde ní "iye", ká pe ìlà òǹkà tí wọ́n ń to ipò ìlera sí ní "òṣùwọ̀n", ká sì pe òdo orí rẹ̀ ní "ikú". Mo fara mọ́ "òṣùwọ̀n". Àwọn yòókù ń fẹ́ àtúnṣe.

Ẹ wo ohun tí wọ́n ń bi èèyàn ná. Apá márùn-ún ni EQ-5D, ìwé ìbéèrè tí wọ́n fi ń ṣàpèjúwe ipò ìlera, ní: rírìn, ìtọ́jú ara ẹni, iṣẹ́ òòjọ́, ìrora tàbí ara nínira, àníyàn tàbí ìrẹ̀wẹ̀sì. Bí apá kọ̀ọ̀kan bá ní ìpele 5, ipò tó ṣeé ṣe á jẹ́ 3,125, láti 11111 tí kò ní ìṣòro kankan títí dé 55555 tó burú jù; nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan ló ń sọ ìpele apá kan. Wọ́n á gbé méjì kalẹ̀, bíi 21342 àti 33213, wọ́n á ní kéèyàn mú ọ̀kan. Ta ló fẹ́ èyíkéyìí nínú wọn? "Ìṣirò yíyàn" ti tó.

Ẹnì kan ní kí ìbéèrè náà jẹ́ "èwo ló sàn jù?" Wàhálà nìyẹn. Ọ̀rọ̀ àìsàn la ń sọ, "ó ti sàn" la sì máa ń wí nípa ẹni tára rẹ̀ ti yá. Olùdáhùn lè máa yan ipò tó rò pé oògùn rẹ̀ wà, kó má wo bó ṣe le tó. Ìṣirò á gba ìdáhùn bẹ́ẹ̀ wọlé láìjanpata. "Èwo lẹ máa mú?" ni kí wọ́n bèèrè.

"Iye" ló gba àlàyé jù. Ohun tí ìṣirò lójíìtì, irú ìṣirò yíyàn kan, kọ́kọ́ ń gbé jáde kì í ṣe iye rárá. Àwọn tí ìdáhùn wọn ṣe déédéé, òǹkà wọn á tóbi. Àwọn tó ń mú èyí tọ́wọ́ wọn bá bà, tiwọn á kéré, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ojú kan náà ni wọ́n fi wo ìrora. Tá a bá pe 1.2 àti 0.6 ní "iye", òǹkàwé á gbà pé ìrora ká àwọn ti àkọ́kọ́ lára ní ìlọ́po méjì. "Ìtẹ̀sí" ni mo dábàá: a mọ ìhà tí òṣùwọ̀n tẹ̀ sí, a ò tíì mọ bí ẹrù ṣe wúwo tó.

Ìgbà tí wọ́n bá so ìtẹ̀sí mọ́ 0 (kéèyàn má sí láàyè) àti 1 (ìlera pípé) ló tó di iye. Ọ̀nà kan ni kí wọ́n fi iye ọdún kún ipò kọ̀ọ̀kan nínú ìbéèrè. Ká ní ìtẹ̀sí ọdún kan nínú ìlera pípé jẹ́ 0.40, tí ìrora líle sì ń yọ 0.10 kúrò níbẹ̀ lọ́dún kan (òǹkà àpèjúwe lásán ni o). Ẹ fi 0.40 pín 0.10, ẹ ó rí 0.25, ẹ yọ ọ́ nínú 1, iye ipò náà jẹ́ 0.75. Bí àdánù gbogbo apá bá para pọ̀ jẹ́ 0.50, iye á di -0.25. Iye ọdún tó wà nínú ìbéèrè yẹn ni gbogbo rẹ̀ rọ̀ mọ́. Báwọn olùdáhùn ò bá kọbi ara sí i, 0.40 yẹn lè fà sẹ́yìn títí á fi sún mọ́ òdo, ọ̀pọ̀ ipò á sì já wálẹ̀ sábẹ́ òdo láìnídìí.

Ní ti "ikú", ohun tó ń ṣẹlẹ̀ síni ni, tòun ti ìrora àti ẹ̀rù rẹ̀. Òdo kò dúró fún ìyẹn. Bí wọ́n bá kọ "ikú" sínú ìbéèrè, olùdáhùn lè máa sá fún bí kíkú ṣe ń rí, ipò bíi 55555 á wá níyì ju bó ṣe yẹ lọ. Olùbéèrè wo ló sì máa lanu wí fún àgbàlagbà pé "ẹ máa kú"? Á fi ọ̀rọ̀ tirẹ̀ rọ́pò rẹ̀, ìbéèrè ò sì ní rí bákan náà fún gbogbo èèyàn mọ́. "Àìsí láàyè" ni kí wọ́n kọ sórí òṣùwọ̀n, kí ìbéèrè sì sọ pé "ẹ ò ní sí mọ́". Ẹni tó bá ní èyí tó dáa jù bẹ́ẹ̀ kó mú un wá, àmọ́ kó má jẹ́ "òkú": ara tó wà nílẹ̀ nìyẹn.