Ọjọ́ kìíní clinical mi rèé o, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Akẹ́kọ̀ọ́-tuntun:

Ẹ kú iṣẹ́ o gbogbo ilé. Mò ń kọ́ṣẹ́ olùrànlọ́wọ́ nọ́ọ̀sì, àná ni mo kọ́kọ́ dé wọ́ọ̀dù fún clinical, ìyẹn kíkọ́ṣẹ́ lára aláìsàn gidi, mo wá fẹ́ béèrè nǹkan kan lọ́wọ́ ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti wà nídìí ẹ̀ ṣáájú mi, ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ṣá.

Ní kíláàsì mo dáa o. Lára ọmọláńgidi tí wọ́n fi ń kọ́ wa, kò sóhun tí mi ò lè ṣe, mo mọ̀ pé iṣan ọwọ́ àgbàlagbà tó jókòó jẹ́ẹ́ máa ń lù láàárín 60 sí 100 ní ìṣẹ́jú kan, mímí ẹ̀ 12 sí 20, mo mọ gbogbo ẹ̀ lórí. Ìgbà tí mo dé iwájú èèyàn gidi báyìí, gbogbo ẹ̀ bá dàwátì.

Ìyá àgbà kan ni wọ́n fún èmi àti ẹnìkejì mi pé ká wẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì. Rọpárọsẹ̀ ti mú wọn lápá òsì. Mo ti wọ ìbọ̀wọ́, mo ti gbé omi wá, mo wá dúró síbẹ̀ pẹ̀lú táwẹ̀lì lọ́wọ́, mi ò mọ ibi tí n bá máa wò, torí màmá yìí dàgbà ju ìyá tó bí mi lọ dáadáa. Àwọn náà kọjú sí ògiri. Wọn ò sọ nǹkan kan, èmi náà ò sọ nǹkan kan, mo kàn ń wẹ̀ wọ́n bí ẹni ń fọ mọ́tò. A parí, a pààrọ̀ aṣọ bẹ́ẹ̀dì, mo jáde, inú mi ń dùn pé ó tán.

Kò pẹ́ ni nọ́ọ̀sì tó ń mójú tó wa pè mí padà. Bẹ́ẹ̀lì tí wọ́n fi ń pe nọ́ọ̀sì, ẹ̀gbẹ́ òsì ni mo gbé e sí. Apá òsì tí kò ṣiṣẹ́! Ìtọ̀ gbọ̀n màmá, ọwọ́ wọn ò tó bẹ́ẹ̀lì, wọ́n ti tọ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì tá a ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ́. Nọ́ọ̀sì ò tiẹ̀ pariwo mọ́ mi, ìyẹn gan-an ló dùn mí jù, ó kàn ní "wo ibi tó o gbé e sí." Màmá wá ní kí n jọ̀ọ́, kí n má bínú. Èmi ni wọ́n ń bẹ̀ o!

Mo sunkún délé. Ìbéèrè mi ni pé báwo lẹ ṣe ń ṣe é tí ojú ò fi ń tì yín, tí ojú ò sì ń ti ẹni tẹ́ ẹ̀ ń wẹ̀? Ọ̀la ni mo máa padà, màmá yẹn náà ni mo sì máa bá.

Àǹtí-wọ́ọ̀dù:

Pẹ̀lẹ́ àbúrò mi. Gbogbo wa la ní ìtàn bẹ́ẹ̀lì tiwa, tèmi burú ju tìẹ lọ, mi ò ní sọ ọ́ níbí.

Ojú máa tì ẹ́ o, má tan ara ẹ. Àmọ́ ohun tó jẹ́ kó pọ̀ tó báyẹn ni pé o tú màmá sí ìhòòhò lẹ́ẹ̀kan náà, abí irọ́ ni mo pa? Fa kọ́tìnnì, fi aṣọ bò wọ́n láti ọrùn dé ẹsẹ̀, ibi tó o fẹ́ fọ̀ nìkan ni kó o ṣí, bó o bá ti nù ún gbẹ kó o bò ó padà kó o tó bọ́ sí ibòmíì. Ojú ni kó o fi bẹ̀rẹ̀, omi lásán, kò gbọdọ̀ sí ọṣẹ, láti kọ̀rọ̀ ojú tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ imú bọ̀ síta, ojú kejì, ibòmíì lára táwẹ̀lì tó ṣì mọ́ ni kó o lò. Abẹ́ lo máa fi parí ẹ̀, kó o pààrọ̀ omi, iwájú lọ sẹ́yìn nígbà gbogbo, má fà á láti ẹ̀yìn wá síwájú láé, ibẹ̀ ni àrùn ti ń wọ ojú ìtọ̀.

Èyí tó ṣe pàtàkì jù lójú tèmi: ọwọ́ ọ̀tún màmá ńkọ́? O ò sọ pé ìyẹn ń dùn wọ́n. Kí ló dé tó jẹ́ ìwọ lo di táwẹ̀lì mú láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin? Jẹ́ kí wọ́n fi ọwọ́ yẹn tọ́ omi wò bóyá ó gbóná jù, fún wọn ní táwẹ̀lì kí wọ́n fọ ojú wọn àti àyà wọn àti abẹ́ wọn fúnra wọn bí wọ́n bá lè ṣe é. Kó pẹ́, kò sí ohun tó bà jẹ́. Bẹ́ ẹ bá ń wọṣọ, apá tó ń ṣàìsàn ló ń kọ́kọ́ wọlé, bẹ́ ẹ bá ń bọ́ ọ, apá tó le ló ń kọ́kọ́ jáde. Kó o sì máa bá wọn sọ̀rọ̀, ẹnu ẹ ò gbọdọ̀ dákẹ́.

Alẹ́-ni-mo-ń-ṣiṣẹ́:

Àǹtí, mo fara mọ́ gbogbo ẹ̀ àfi ti ẹnu tí kò gbọdọ̀ dákẹ́ yẹn. Àwọn kan ò fẹ́ ariwo o jàre. Sọ ohun tó o fẹ́ ṣe kó o tó fọwọ́ kàn wọ́n, "mo fẹ́ gbé apá yín sókè o màmá", kó o dúró kí wọ́n gbọ́ ọ, ìyẹn ti tó.

Ọ̀rọ̀ ìtọ̀ yẹn, kì í ṣe ìtìjú nìkan ló wà níbẹ̀, aṣọ tútù ń ba awọ ara jẹ́. Bó o bá ti ń wẹ̀ wọ́n, wo ìdí wọn àti gìgísẹ̀ wọn dáadáa, ibi tí egungun ti sún mọ́ ìta. Ibi tó bá pọ́n tí pípọ́n ẹ̀ ò sì lọ nígbà tó o fìka tẹ̀ ẹ́, lọ sọ fún nọ́ọ̀sì lójú ẹsẹ̀. Lára adúláwọ̀ ẹ lè má rí pípọ́n yẹn, ṣe lẹ máa fọwọ́ kàn án bóyá ó gbóná tàbí ó le ju àyíká ẹ̀ lọ.

Èmi kì í yíjú sí ilẹ̀kùn láìwo nǹkan wọ̀nyí: bẹ́ẹ̀dì ti wálẹ̀, mo ti tẹ bíréèkì tí kì í jẹ́ kó yí, bẹ́ẹ̀lì wà lọ́wọ́ tó ń ṣiṣẹ́. Mo ń sọ ọ́ sókè bí wèrè. Àwọn aláìsàn ti ń bá mi sọ ọ́.

Mo-ti-dùbúlẹ̀-rí:

Èmi kì í ṣe nọ́ọ̀sì o, èmi ni wọ́n wẹ̀. Itan mi kán, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi wà lórí bẹ́ẹ̀dì. Ẹni tó ń tijú ò dùn mí rárá, mo rí i pé èèyàn ni òun náà. Àwọn méjì tó ń bá ara wọn tàkúrọ̀sọ lórí mi bí ẹni pé mi ò sí níbẹ̀, àwọn yẹn ni mi ò tíì gbàgbé. Màmá yẹn kọjú sí ògiri torí ibẹ̀ nìkan ló ṣẹ́ kù fún wọn láti lọ, má rò pé wọ́n ń bínú sí ẹ. Lọ tọrọ àforíjì, ní ṣókí, má lọ sunkún sí wọn lára kó tún di pé àwọn ló ń rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún.

Akẹ́kọ̀ọ́-tuntun:

Mo ti dé o! Ẹ ṣé gan-an. Mo kí wọn, mo dárúkọ mi, mo ní "màmá, ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀lì àná, èmi ni mo jẹ̀bi, ẹ má bínú." Wọ́n wò mí títí. Wọ́n ní kí n kọ́kọ́ gbé e wá ná ká tó sọ̀rọ̀ omi. Mo fi í sọ́wọ́ ọ̀tún wọn, wọ́n bá tẹ̀ ẹ́, nọ́ọ̀sì sáré wọlé, wọ́n ní kò sí nǹkan kan, àwọn ń dán an wò ni. Nígbà tó yá wọ́n tún tẹ̀ ẹ́. Ìgbà kejì yìí nọ́ọ̀sì ò sáré mọ́, ẹnu ilẹ̀kùn ló dúró sí tó ń wo èmi, màmá sì ń rẹ́rìn-ín.

Wọ́n fọ ojú àti àyà wọn fúnra wọn. Ẹ̀yìn ni wọ́n ní kí n bá wọn fọ̀, wọ́n ní kí n fọ̀ ọ́ kó dénú.