Ajá Kékeré Tó Ń Jẹ Koríko: Ohun Tí Ojú Àwa Ará Èkìtì Rí

Láti Adó-Èkìtì

Ẹ̀yin tí ẹ ń sin ajá bíi tèmi, mo kí yín o. Lẹ́yìn tí mo fẹ̀yìn tì nídìí iṣẹ́ olùkọ́, ọmọ mi tó ń gbé ní Èkó mú ajá Lhasa Apso kan wá fún mi, nítorí ó ní ilé náà ti dákẹ́ jù. Ajá náà kò wúwo ju kílò 6 lọ, irun orí rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ bo ojú rẹ̀ tán, Tanimọ̀la sì ni mo sọ ọ́. Lẹ́yìn òjò àkọ́rọ̀ ọdún tó kọjá, nígbà tí koríko tútù bẹ̀rẹ̀ sí í yọ lẹ́yìn ilé, mo jáde láàárọ̀ láti lọ tú adìyẹ sílẹ̀, mo sì bá Tanimọ̀la níbi tó ti ń já koríko jẹ bí ọmọ ewúrẹ́. Mo kígbe mọ́ ọn, ó wò mí, ó sì tún bẹnu bọ̀ ọ́. Kò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá lẹ́yìn náà tí ó fi na ọrùn síwájú, tí ikùn rẹ̀ ń fà wọlé tó ń fà jáde, tí ó sì bi koríko náà sílẹ̀ pẹ̀lú omi òróòro aláwọ̀ ìyeyè. Bí ó ti bì í tán, ó gbọn ara, ó sì lọ dúró ti àwo oúnjẹ rẹ̀ bí ẹni pé nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀.

Èmi ni ara mi kò balẹ̀. Ìyá tó ń ta ẹ̀kọ níwájú ilé wa ní inú ló ń run ún, pé ajá mọ ewé tí yóò fi wo ara rẹ̀ sàn. Yèyé mi, tí ọjọ́ orí wọn ti lé ní 90, ní òjò ló fẹ́ rọ̀. (Òjò kò rọ̀ lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n ta ni yóò sọ bẹ́ẹ̀ fún Yèyé?) Ọmọkùnrin tó máa ń bá mi ro ẹ̀yìnkùlé ní kí n máa fún un ní ẹran, pé ebi ló sọ ọ́ di ewúrẹ́. Nígbà tí ọ̀rọ̀ wọn kò bára mu, mo gbé ajá mi lé itan, mo gun ọ̀kadà, ó di ọ̀dọ̀ dókítà ẹran.

Dókítà náà kò tètè mú abẹ́rẹ́. Ó bi mí bóyá ajá náà ń jẹun, bí ìgbẹ́ rẹ̀ ti rí, iye ìgbà tó ti bì láti àná, àti ìgbà tó lo oògùn aràn kẹ́yìn. Ó fi ọwọ́ tẹ ikùn rẹ̀, ó ṣí ètè rẹ̀ wo èrìgì, ó ní ara rẹ̀ le koko. Lẹ́yìn náà ni ó béèrè ohun tí kò wá sí mi lọ́kàn rí: “Màmá, ṣé ẹnikẹ́ni ti fín oògùn sí koríko ọ̀hún?” Mo ní rárá, ọkọ́ àti àdá nìkan là ń lò. Ó ní tó bá rí bẹ́ẹ̀, kí n fi ọkàn balẹ̀.

Òun ló sọ fún mi nípa ìwádìí tí àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì California tó wà ní Davis, ní Amẹ́ríkà, gbé jáde ní ọdún 2008. Ìdáhùn àwọn tó ń sin ajá ni wọ́n kó jọ, wọ́n sì rí 1,571 lò nínú rẹ̀. Nínú gbogbo 100 ajá tí ìwádìí náà kàn, bíi 68 ló ń jẹ koríko tàbí ewé lójoojúmọ́ tàbí lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, bíi 8 péré ni ó máa ń hàn lára wọn pé ara wọn kò yá kí wọ́n tó jẹ ẹ́, bíi 22 ló sì máa ń bì lẹ́yìn tí wọ́n bá jẹ ẹ́ tán. Àwọn tí kò tíì dàgbà ló ń jẹ ẹ́ jù, bẹ́ẹ̀ sì ni àwọn gan-an ni àìsàn kì í sábà hàn lára wọn kí wọ́n tó jẹ ẹ́. Èrò àwọn onímọ̀ náà ni pé ajá jogún ìwà yìí láti ara ìkookò tó jẹ́ baba ńlá rẹ̀, pé ó ṣeé ṣe kí fọ́nrán koríko tí kò dà nínú ìfun máa wọ́ aràn jáde nígbà láéláé. Ọ̀rọ̀ ìyá ẹlẹ́kọ kò wá fi bẹ́ẹ̀ rí ẹsẹ̀ dúró, ṣùgbọ́n kò kúkú ṣìnà pátápátá.

Kí ni ojú tiyín rí?

Láti Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì

Màmá, ẹ kú ìtọ́jú Tanimọ̀la. Ìbéèrè tí dókítà yín bi yín nípa oògùn koríko ni kò jẹ́ kí n lè dákẹ́, nítorí ká ní ẹnìkan bi mí bẹ́ẹ̀ ní ọdún 2022 ni, bóyá ajá mi ì bá ṣì wà láyé.

Kílò 4 ni ajá mi, funfun bí òwú. Odindi ọdún mẹ́ta ló fi ń jẹ koríko létí ọgbà wa, kò sì bì ju ẹ̀ẹ̀kan lọ láàárín oṣù méjì, nítorí náà mo ti gbà pé bí Ọlọ́run ṣe dá a nìyẹn. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan tí mo wà lọ́jà, ẹni tó ra ilẹ̀ tó bá tiwa pààlà ní kí ọmọkùnrin kan gbé ẹ̀rọ ìfínkoríko kọ́ ẹ̀yìn, ó sì fín gbogbo ojú ààlà náà. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi. Bí ilẹ̀ ti ń mọ́, koríko náà ṣì tutù yọ̀yọ̀, ìrì wà lórí rẹ̀, mo sì ṣílẹ̀kùn fún ajá gẹ́gẹ́ bí ìṣe mi. Ìgbà tí oòrùn ràn dáadáa ni ewé bẹ̀rẹ̀ sí í rọ, tí ojú mi fi là sí ohun tó ṣẹlẹ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, itọ́ ń dà lẹ́nu rẹ̀, ahọ́n rẹ̀ pọ́n bí ẹ̀jẹ̀. Mo ṣe ohun tí gbogbo wa máa ń ṣe: mo rọ epo pupa sí i lẹ́nu. Nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ dókítà ẹran, ó sọ fún mi pé epo pupa kò lè pa irú májèlé bẹ́ẹ̀, àti pé bí ajá tó ń bì bá gbé epo mì, ó lè gba ọ̀nà ọ̀fun lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró, kí wàhálà di méjì. Ó ní kí n lọ wá igo oògùn náà wá. Paraquat ni. Mo rí i lójú rẹ̀ kí ó tó sọ̀rọ̀. Kò sí oògùn apẹ̀rọ̀ fún paraquat. Ẹnu àti ọ̀fun ni ó kọ́kọ́ ń bó, lẹ́yìn náà ni yóò wá máa ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́ díẹ̀díẹ̀. Ní ọjọ́ kẹta ajá náà jẹ ìrẹsì díẹ̀, inú wa dùn, a rò pé ó ti bọ́. Ní ọjọ́ kẹfà ó ń mí gúlegúle, kò sì rí ọjọ́ keje.

Ọmọ Ìrè ni ọkọ mi, níbi tí wọ́n ti ń fi ajá bọ Ògún, nítorí náà àwọn ẹbí rẹ̀ fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé mò ń sunkún ajá bí ẹni pé èèyàn ló kú. Mi ò bínú sí wọn. Ohun tó dùn mí ni pé koríko tó jẹ fún ọdún mẹ́ta kò ṣe é ní nǹkan kan, ohun tí wọ́n dà sórí rẹ̀ ní alẹ́ kan ṣoṣo ló pa á. Àjọ NAFDAC ti fòfin de paraquat láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2024, ṣùgbọ́n igo tí wọ́n ti rà tẹ́lẹ̀ lè ṣì wà ní ìsàlẹ̀ bẹ́ẹ̀dì ẹnìkan ládùúgbò yín. Ẹ rántí pẹ̀lú pé májèlé kò mọ̀ pé ajá kéré: ìwọ̀n tí ajá kílò 30 lè jẹ kí ó kàn rẹ̀ ẹ́ lè pa ajá kílò 4. Kò tilẹ̀ dìgbà tó bá jẹ koríko náà, nítorí ajá kékeré ń fi ikùn gbá a kọjá ni, yóò sì padà wálé wá lá ara rẹ̀.

Láti Ìkọ̀lé-Èkìtì

Ẹ pẹ̀lẹ́, ẹ̀gbọ́n mi ará Ìkẹ́rẹ́. Akẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́ ọ̀gbìn ni mí, aràn ni ìtàn tèmi dá lé. Ọmọ ajá oṣù mẹ́ta kan tí mo rà máa ń jẹ koríko ní pápá tí àwọn ajá èkùkẹ́ àdúgbò ń yàgbẹ́ sí. Ikùn rẹ̀ yọ síta bí ìlù, mo sì ń rò pé ó ń yó ni, àfi ìgbà tí mo ṣí ètè rẹ̀ tí mo rí i pé èrìgì rẹ̀ funfun bí ẹ̀kọ. Aràn ti ń fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ mu. Ẹyin aràn àti ọmọ rẹ̀ máa ń wà lára koríko àti ilẹ̀ tó tutù, kòkòrò àrùn parvo (tó ń fa èébì àti ìgbẹ́ gbuuru fún ajá) náà sì lè wà nínú ilẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù, nítorí náà ọmọ ajá tí kò tíì gba abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀ pé kò gbọdọ̀ máa jẹ koríko ní gbangba. Dókítà ní kí n máa fún un ní oògùn aràn lóṣooṣù títí yóò fi pé oṣù mẹ́fà, lẹ́yìn náà kí ó di oṣù mẹ́ta mẹ́ta. Ó ṣì ń jẹ koríko o, ṣùgbọ́n inú àgbàlá wa ló ti ń jẹ ẹ́ báyìí, ikùn rẹ̀ sì ti wọlé.

Láti Ẹ̀fọ̀n-Alààyè

Tèmi kò gùn. Ewé koríko gígùn kan yọ nídìí ajá mi, ọmọ mi sì fẹ́ fà á bí ẹni fa okùn. Ẹ má ṣe fà á, nítorí ẹ kò mọ ibi tí ìyókù lọ́ mọ́ nínú ìfun. Ẹ jẹ́ kí ó jáde fúnra rẹ̀, tàbí kí ẹ gbé e lọ bá dókítà. Nígbà mìíràn, ó sín sín sín láti àárọ̀ di ọ̀sán, fọ́nrán koríko kan ni wọ́n sì yọ lẹ́yìn àjà ẹnu rẹ̀. Àwa tí a wà nílẹ̀ kòkó tún ní láti ṣọ́ra: ajá tó jáde lọ jẹ koríko lè bọ́ sórí kòkó tí a sá, kòkó sì jẹ́ májèlé fún ajá, pàápàá èyí tó kéré. Bẹ́ẹ̀ náà ni èso làpálàpá tí a fi ṣe ọgbà, àti ewé kókò tútù tí yóò máa yún un lẹ́nu.

Láti Ifàkì-Èkìtì

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má jẹ́ kí a dá gbogbo ẹ̀bi lé májèlé lórí, oúnjẹ náà ní tirẹ̀ nínú. Poodle kékeré ni mò ń sìn. Ojoojúmọ́ ló ń jẹ koríko, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lọ́sẹ̀ ló sì ń bì í. Ìrẹsì funfun àti ẹja nìkan ni mo ń fún un. Dókítà sọ fún mi nípa poodle kan ní Gúúsù Kòríà, ọmọ ọdún 11, tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ jáde nínú ìwé ìmọ̀ ní ọdún 2007: ọdún méje ló fi ń jẹ koríko tó sì ń bì í, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n yí oúnjẹ rẹ̀ padà sí èyí tí fáíbà (fọ́nrán inú oúnjẹ tí kì í dà nínú ìfun) pọ̀ nínú rẹ̀, ó jáwọ́ láàárín ọjọ́ mẹ́ta. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í se elégédé mọ́ ìrẹsì rẹ̀, láìsí iyọ̀, láìsí àlùbọ́sà. Kò rí bẹ́ẹ̀ fún mi ní ọjọ́ mẹ́ta. Ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí n tó rí ìyàtọ̀, kò sì jáwọ́ tán, ṣùgbọ́n èébì ti di ẹ̀ẹ̀kan lóṣù. Ajá kan ni ti Kòríà, ajá kan ni tèmi, ẹ má fi ìyẹn ṣe òfin. Mo ṣàkíyèsí pẹ̀lú pé bí mo bá tètè fún un lóúnjẹ láàárọ̀ kí n tó ṣílẹ̀kùn, kì í fi bẹ́ẹ̀ ya sídìí koríko.

Láti Adó-Èkìtì

Ẹ ṣeun, ẹ̀yin ọmọ mi. Mo ka ti ará Ìkẹ́rẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, mo sì dìde lọ kan ilẹ̀kùn aládùúgbò mi lálẹ́ ọjọ́ náà. Mo bẹ̀ ẹ́ pé bí ó bá fẹ́ fín oògùn, kí ó jọ̀ọ́ sọ fún mi ní ọjọ́ kan ṣáájú. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, “Màmá, nítorí ajá?” Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, nítorí ajá, àti nítorí adìyẹ mi pẹ̀lú. Ó gbà.

Dókítà ti sọ ohun tí mo gbọ́dọ̀ máa wò fún mi: bí ó bá bì ju ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lọ lójúmọ́ kan, bí ẹ̀jẹ̀ bá wà nínú èébì tàbí ìgbẹ́, bí kò bá jẹun, bí ikùn rẹ̀ bá wú, tàbí bí ó bá ṣàdédé bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìwàǹwára jẹ koríko nígbà tí kì í ṣe ìwà rẹ̀ tẹ́lẹ̀, kí n má dúró di ọjọ́ kejì. Mo ti wa koríko pẹ̀lú gbòǹgbò láti ẹ̀yìnkùlé, mo gbìn ín sínú abọ́ ike tó ti là, mo gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn ilé ìdáná. Láàárọ̀ yìí Tanimọ̀la gbóòórùn rẹ̀, ó yí i ká, ó já ewé méjì jẹ, ó sì lọ sùn sínú oòrùn. Yèyé wò ó láti orí àga wọn, wọ́n ní kí n kó aṣọ tí mo sá wọlé.