Ẹ gbà mí o, dísìkì méjèèjì jóná lọ́wọ́ mi

Àṣàkẹ́, London: Ẹ jọ̀ọ́ ẹ̀yin èèyàn mi, ta ló ṣì wà lójúfò? Kọ̀ǹpútà àtijọ́ tó wà nílẹ̀ ni mo fẹ́ sọ di sáfà tí màá máa kó fọ́tò wa sí, ni pawa sọ́pláì ẹ̀, ẹ̀rọ tó ń pín iná fún inú kọ̀ǹpútà, bá kú, mo ra òmíràn, mo wá lo àwọn wáyà tàtijọ́ torí ẹnu wọn bára mu. Bí mo ṣe tàn án báyìí, pàà! Òórùn iná gba gbogbo yàrá. Dísìkì méjèèjì ò yí mọ́. Fọ́tò ọdún 11 ló wà níbẹ̀, àti ohùn màámi.

Bàbá Ìbejì, Houston: Yọ ọ́ lára iná, má tún tàn án wò. Wáyà yẹn ló ṣe é. Ẹnu tó ń wọ dísìkì ló bára mu o, ẹnu kejì tó ń wọ pawa sọ́pláì, bó ṣe wu ẹni tó ṣe é ló tò ó, ibi tó yẹ kí 5 volt gbà ni 12 volt á gbà. Dísìkì mẹ́rin ló bá a lọ lọ́wọ́ èmi náà lọ́jọ́ kan ṣoṣo, mi ò lè jẹun lálẹ́ ọjọ́ yẹn.

Débọ̀, Toronto: Ẹ̀gbọ́n, ilé iṣẹ́ kan náà ló ṣe méjèèjì tèmi, mo lo wáyà àtijọ́, nǹkan kan ò ṣe é.

Bàbá Ìbejì: Orí ló yọ ẹ́. Ilé iṣẹ́ kan náà gan-an lè yí i padà láti módẹ́ẹ̀lì kan sí èkejì. Wáyà tó bá a wá nínú páálí ni kéèyàn lò, àbí kó fi mítà wọ̀n ọ́n kó tó so dísìkì mọ́ ọn.

Débọ̀: Tí wọ́n bá kọ ọ́ pé wọ́n bára mu ńkọ́ sà?

Bàbá Ìbejì: Ìyẹn yàtọ̀. Ṣé wọ́n kọ ọ́ sára tìẹ?

Débọ̀: Rárá sà.

Kẹ́mi, Dublin: Ẹ jẹ́ ká gbọ́ tẹni tó ń sunkún ná. Àṣàkẹ́, fọkàn balẹ̀, àwo inú dísìkì tí fọ́tò wà lára ẹ̀ kọ́ ló sábà máa ń jóná, bọ́ọ̀dù abẹ́ ẹ̀ ni. Kinní kékeré kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní TVS diode, òun ló máa ń fara gba iná tó bá pọ̀jù. Tó bá jẹ́ òun nìkan ló kú, ẹni tó mọṣẹ́ á yọ ọ́, dísìkì á yí, kó yára da gbogbo nǹkan inú ẹ̀ kọ síbòmíràn. Má lọ ra bọ́ọ̀dù míì kó o kàn dè é mọ́ ọn o! Ohun témi ṣe nìyẹn, owó mi wọgbó, torí ṣíìpù ROM tó wà lára tàtijọ́ ló mọ dísìkì yẹn, àfi kí wọ́n tú òun náà kúrò gbé sórí tuntun.

Àṣàkẹ́: Ẹ ṣé, sístà mi. Ṣùgbọ́n wọ́n ní tí ọ̀kan bá kú, èkejì á wà.

Bàbá Ìbejì: Mirror lo ṣe, ìyẹn dísìkì méjì tó ń gba nǹkan kan náà pọ̀, kì í ṣe backup, ìyẹn ẹ̀dà tó wà lọ́tọ̀. Àpótí kan náà, iná kan náà, ohun tó pa ọ̀kan pa èkejì. Ẹ̀dà 3, lórí nǹkan 2 ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kí 1 wà níta ilé.

Débọ̀: Kí wọ́n fi ẹ̀kẹta ránṣẹ́ sí Toronto, òtútù ibí á tọ́jú ẹ̀, kò ní máa laagun bíi ti Houston.

Bàbá Ìbejì: Houston tó ń laagun yìí ni sáfà mi ti ń ṣiṣẹ́ láti ọdún 6, kò sùn rí. Ìwọ lọ yọ yìnyín lára mọ́tò ẹ.

Kẹ́mi: Ẹ̀yin méjèèjì ẹ gbẹ́nu dákẹ́. Ṣé ẹ mọ bí data centre, àwọn ilé ńlá tí wọ́n ń kó sáfà sí, ṣe pọ̀ tó ní Dublin? Kò gbóná, kò tutù jù. Ibí ni kẹ́ ẹ kó gbogbo ẹ̀ wá.

Àṣàkẹ́: Ẹ pa mí lẹ́rìn-ín tẹkún-tẹkún. Ohùn màámi yẹn ò ju ìṣẹ́jú kan lọ. “Àṣàkẹ́, ṣé o ti jí? Ṣé o sùn dáadáa?” Ìyẹn náà ni gbogbo ẹ̀. Wọn ò sí mọ́.

Kẹ́mi: Áà. Wo fóònù rẹ àtijọ́, wo WhatsApp àwọn ẹ̀gbọ́n ẹ, bóyá wọ́n fi ránṣẹ́ sẹ́nì kan rí.

Àṣàkẹ́: Màá wò ó. Báwo ni mo ṣe máa dá diode yẹn mọ̀ lára bọ́ọ̀dù?

Débọ̀: Màámi náà ń fi ohùn ránṣẹ́ láràárọ̀, mi ò kì í gbọ́ ọ tán. Ẹ jọ̀ọ́, mò ń bọ̀, mo fẹ́ lọ gbọ́ gbogbo ẹ̀ báyìí.

Bàbá Ìbejì: Tọ́jú ẹ̀ síbi mẹ́ta o, Débọ̀.