“Ìdán” ni àbí “idán”? Lórí ìlà gíga ilẹ̀ tí kọ̀ǹpútà ń tún ṣe

Ẹ̀yin àgbà, mo kí yín o.

Ẹni tó kọ̀wé ṣáájú ní kí á máa pe iṣẹ́ tí kọ̀ǹpútà ń ṣe, tí ìlà gíga ilẹ̀ inú máàpù (“contour” lédè Gẹ̀ẹ́sì) tó rí wọ́gọwọ̀gọ fi ń di geerege, ní “ìdán ìlà-òkè”. Ó tún pe DTM (“digital terrain model”, gíga ilẹ̀ tí a kọ sínú kọ̀ǹpútà) ní “àwòkọ́ṣe ilẹ̀”. Kò ṣeé gbé mì.

Ẹ wo àmì tó wà lórí i yẹn. Ara “dán” ló ti yọ “ìdán”, mo gbà. Ta ni yóò wá kà á tí kò ní rí “idán”? Àmì kan péré ló kù kí ayàwòrán ilẹ̀ di onídán! Yàtọ̀ síyẹn, dígí dán, síbẹ̀ ó ní igun. Igun ni kọ̀ǹpútà ń bá jà níbí.

“Òkè” náà kò bá a mu. Ìlà yìí ń gba àfonífojì, ó ń gba pẹ̀tẹ́lẹ̀. Gbogbo ibi tó wà lórí ìlà kan ga bákan náà ni, ojúgbà ni wọ́n. “Ìlà ojúgbà” ni tèmi. Ẹ má mú “ìdọ́gba” wá, àwọn oníṣirò ti gbà á. “Àwòkọ́ṣe” ńkọ́? Ṣé ilẹ̀ ló ń wo kọ̀ǹpútà kó tó mọ bí yóò ṣe ga? Nọ́ńbà tí a tò sínú àpótí-àpótí ni DTM, àpótí kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú gíga tirẹ̀. “Àkójọ gíga ilẹ̀” tó o.

Fún iṣẹ́ náà, ẹ gba “ìfágun”: fá àti igun. Ohun tí ọ̀nà tí George Chaikin gbé jáde ní 1974 ń ṣe gan-an nìyẹn. Láàárín igun kan sí èkejì, ó fi àmì sí ìdá kan nínú mẹ́rin, ó fi òmíràn sí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin, ó so àwọn àmì tuntun pọ̀, ó ju igun àtijọ́ nù. Lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta, ojú ò rí igun mọ́. Iye àmì sì ń di ìlọ́po méjì nígbà kọ̀ọ̀kan. Lẹ́ẹ̀mẹta, ó ti di ìlọ́po mẹ́jọ, fáìlì á wú.

Ṣùgbọ́n a kì í fárí lẹ́yìn olórí. Àkójọ gíga ni olórí ìlà. Bí ẹ bá fá ìlà kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀, kò mọ aládùúgbò rẹ̀. Níbi tí ilẹ̀ ti dà gẹ̀rẹ́ tí ìlà fún mọ́ra, wọ́n á gorí ara wọn, bẹ́ẹ̀ ibì kan kò lè ní gíga méjì. Lójú odò, ìlà máa ń ṣe ṣóńṣó tó kọjú sí ibi tí omi ti ń ṣàn bọ̀. Tí ẹ bá fá a, ṣóńṣó á sún sí ìsàlẹ̀ odò, gíga tí máàpù ń sọ níbẹ̀ á sì di irọ́. Àwọn àgbà tó ń fi ọwọ́ ya ìlà yìí kì í tẹ ọ̀kan kí wọ́n má tẹ èyí tó wà lókè rẹ̀.

Nítorí náà, àkójọ gíga ni kí ẹ kọ́kọ́ tọ́jú, kí ẹ tó fa ìlà jáde. Ìlà tó ti ara ilẹ̀ kan ṣoṣo jáde kò lè gé ara wọn. Ẹ kọ́kọ́ yí nọ́ńbà sí oní-dẹ́símà. SRTM, gíga ilẹ̀ ayé tí ọkọ̀ òfurufú Endeavour ti Amẹ́ríkà fi ọjọ́ 11 kó jọ láti ojú sánmà ní oṣù Kejì ọdún 2000 ń kọ gíga ní mítà pípé (kì í tilẹ̀ ṣe DTM gidi, igi àti òrùlé wà nínú rẹ̀). Ìdí nìyí tí ìlà rẹ̀ fi ń rí bí àtẹ̀gùn lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú. Bí ẹ bá sì tún fi èyí tí ẹ ti ṣe pamọ́ ní mítà pípé, àtẹ̀gùn á padà wá.

Ẹ wá fi ìpíndọ́gba 3×3 ṣe é: àpótí àárín àti mẹ́jọ tó yí i ká, ẹ rò ó pọ̀, ẹ fi mẹ́sàn-án pín in. Ẹ ṣọ́ra o. Orí òkè tó jẹ́ mítà 100, tí mẹ́jọ tó yí i ká jẹ́ 91, á di 92. Bí ẹ bá ń fa ìlà ní mítà márùn-ún-márùn-ún, ìlà 95 á pòórá. Ìpíndọ́gba ti Gauss sàn jù, torí àpótí tó jìnnà kò lágbára tó ti àárín. Lẹ́yìn náà ni gdal_contour, ètò kọ̀ǹpútà tó ń fa ìlà jáde, pẹ̀lú -i 10 fún mítà mẹ́wàá-mẹ́wàá. Ẹ pa òrùka kéékèèké rẹ́, àfi èyí tó yí gíga tí a wọ̀n ká. Ìgbà yìí ni ẹ lè fágun, ẹ̀ẹ̀kan péré. Òfin máàpù Amẹ́ríkà ti 1947 ni ẹ fi yẹ̀ ẹ́ wò: nínú ibi 100 tí a bá wọ̀n, èyí tí àṣìṣe rẹ̀ ju ìdajì àlàfo ìlà lọ, ìyẹn mítà 5 níbí, kò gbọdọ̀ ju 10.

Èsì:

Ọ̀gá, ẹ kú iṣẹ́. Àmọ́ ẹ yọ àmì kúrò lórí ọ̀rọ̀ yín kí ẹ wò ó: “ifagun”. “Ìfàgùn” ni ọmọdé yóò kà, bẹ́ẹ̀ ìlà tí a fá igun rẹ̀ kúrú sí i ni! Bí ohùn bá sì gòkè ní ìparí, igún lẹ ń fá, èyí tó ti pá lórí tẹ́lẹ̀. Ẹ̀yin náà lẹ ní inú àkójọ gíga ni iṣẹ́ wà. Igun wo ló wà lára nọ́ńbà? “Ìmúkúnná” ni àwọn bàbá wa ì bá pè é.

Èsì sí èsì:

Ohun tí a lọ̀ ló ń kúnná. Bí àpótí mítà 30 bá di ti mítà 10, ẹ lè ní ó kúnná. Gíga inú rẹ̀ lè máa rí gbágungbàgun síbẹ̀. Ọ̀tọ̀ ni iṣẹ́ méjèèjì. Ní ti àmì ohùn, ẹni tí kò bá fi àmì sí i ni kó lọ bá igún ṣe ẹjọ́.

Èsì mìíràn:

Ẹ̀yin méjèèjì ò tíì dé ibi tó le. Ẹ fi gíga mẹ́rin tó fara kanra ṣe igun àpótí kan. Nígbà tí igun méjì tó dojú kọra nínú rẹ̀ ga ju ìlà lọ, tí méjì yòókù kéré sí i, ọ̀nà méjì ni ìlà lè gbà kọjá. Mo ní kí á pe ibẹ̀ ní “gàárì”. Ta ló ní bẹ́ẹ̀ kọ́?