Ohùn WhatsApp tó ní abẹ́rẹ́ HPV ń sọ ọmọbìnrin dàgàn: báwo la ṣe ń tú u wò?

Ọmọ Mọ́kọlá:
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Voice note kan ń jà ràn-ìn n'Íbàdàn. Obìnrin tó ń sọ̀rọ̀ ní nọ́ọ̀sì lòun, pé àwọn òyìnbó ló ń fi abẹ́rẹ́ HPV, àjẹsára tó ń dènà jẹjẹrẹ ẹnu ilé ọmọ, dín wa kù, pé ọmọbìnrin tó bá gbà á ò ní bímọ láéláé. Àwòrán ṣeé wá lórí Google, ohùn ńkọ́? Kí ló sì dé táwọn tó kàwé pàápàá ń gbà á gbọ́?

Arínúróde:
Ohùn ò ṣeé wá bí àwòrán. Ohun tó wà nínú rẹ̀ lẹ máa kọ sílẹ̀: orúkọ, ibi, ọjọ́. Nọ́ọ̀sì ilé ìwòsàn wo? "Lánàá" tó ń wí, àná ìgbà wo? Ohùn tó bá sọ pé "lánàá" kì í gbó. Ó lè yípo lọ́dún mẹ́ta, kó ṣì dà bíi pé àárọ̀ yìí ni wọ́n gbà á sílẹ̀.

Ẹ tún wo òkè rẹ̀. Ọfà méjì túmọ̀ sí pé ó ti tọwọ́ èèyàn márùn-ún kọjá, ó kéré tán. Láti oṣù Kẹrin ọdún 2020, ibì kan ṣoṣo lèèyàn lè ta irú rẹ̀ sí lẹ́ẹ̀kan. Àmọ́ ẹni tó bá tọ́jú ohùn náà sórí fóònù, tó tún un gbé sórí WhatsApp bíi tuntun, ọfà á pòórá. Ẹ má torí pé ẹ ò rí ọfà gbà á gbọ́.

Tó bá jẹ́ fídíò, ẹ ya àwòrán mẹ́ta nínú rẹ̀ níbi tí pátákó tàbí aṣọ ilé ìwé ti hàn, kẹ́ ẹ fi sínú Google Lens, kó bá yín wá ibi tí wọ́n ti jáde tẹ́lẹ̀. TinEye, ojúlé mìíràn tó ń wá àwòrán, lè to èyí tó pẹ́ jù síwájú. Bí lẹ́tà pátákó bá kọ sódì, wọ́n ti dojú fídíò kọ òdì kejì nìyẹn; ẹ yí i padà kẹ́ ẹ tó wá a.

Ajíbọ́lá Bẹẹrẹ:
Ẹ̀gbọ́n, ọ̀rọ̀ yìí kọjá fóònù. Ṣé wọn ò fi àjẹsára pa ọmọ ní Kano ní 1996 ni? Igbó Sókà n'Íbàdàn, ibùba àwọn ajínigbé tí wọ́n já wọ̀ ní 2014, ṣé àhesọ nìyẹn náà?

Ìyá Akẹ́kọ̀ọ́:
Àbúrò, ibi tọ́rọ̀ wà gan-an lẹ fọwọ́ kàn. Ti Kano kì í ṣe àjẹsára. Trovan ni, oògùn tí ilé iṣẹ́ apoògùn Pfizer dán wò nígbà tí àrùn yírùnyírùn ń jà. Ọmọ 200 ni: 100 gba Trovan, 100 gba ceftriaxone tó ti wà tẹ́lẹ̀. Márùn-ún kú nínú àwọn ti àkọ́kọ́, mẹ́fà nínú àwọn ti èkejì. Ẹ̀sùn tó dá wàhálà sílẹ̀ ni pé wọn ò làdí fáwọn òbí pé ìdánwò ni. Ní 2009, ilé iṣẹ́ náà gbà láti san mílíọ̀nù 75 dọ́là láti fi parí ẹjọ́ pẹ̀lú ìjọba Kano.

Òótọ́ nìyẹn. Ẹ̀yìn òótọ́ yẹn ni irọ́ gùn, tí Kano fi dá àjẹsára rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ dúró ní 2003, tí àrùn náà fi ràn padà dé àwọn orílẹ̀-èdè tó ti bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni Sókà: wọ́n bá òkú, wọ́n bá alààyè tójú ti rí màbo. Ìyẹn ò sọ pé gbogbo ọkọ̀ tí gíláàsì ẹ̀ dúdú ló ń gbọ́mọ.

HPV ní tiẹ̀, oṣù Kẹwàá 2023 nìjọba bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, fáwọn ọmọbìnrin ọdún 9 sí 14, ẹ̀ẹ̀kan péré. Kòkòrò tó ń fa jẹjẹrẹ ẹnu ilé ọmọ ló ń dènà. Kò kan ọmọ bíbí. Ohun tó ń bí àhesọ ni pé àwọn ọmọ kan máa ń dákú lẹ́yìn abẹ́rẹ́. Ẹ̀rù abẹ́rẹ́ ló ń fà á, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ní kọ́mọ jókòó fún ìṣẹ́jú 15 lẹ́yìn tó bá gbà á. Ẹni àkọ́kọ́ á ṣubú lójú àwọn tó wà lórí ìlà, èkejì á tẹ̀ lé e, ẹnì kan á sì ti yọ fóònù.

Ọmọ Mọ́kọlá:
Ẹ ṣé, mà. Bó bá jẹ́ àgbà ẹbí ló gbé e sínú gúrúùpù ńkọ́?

Arínúróde:
Ẹ má dá wọn lóhùn lójú agbo, wọ́n á taku ni. Ẹ bá wọn sọ ọ́ níkọ̀kọ̀: "Ẹ kúulé, bàbá. Ẹ jọ̀ọ́, ta ló fi ohùn yìí ránṣẹ́ sí yín?" Láàárín ọjọ́ méjì àti díẹ̀ tí wọ́n fi ránṣẹ́, wọ́n ṣì lè pa á rẹ́ fún gbogbo èèyàn. Tí ẹ bá sì máa kọ àtúnṣe, òótọ́ ni kẹ́ ẹ fi ṣíwájú, ẹ má tún ohùn náà gbé sábẹ́ ẹ̀: ẹni tí ò tíì gbọ́ ọ máa tẹ̀ ẹ́ gbọ́.