Mọ́tò Y ń kùn láì yí, ìsopọ̀ USB sì ń já

Ìbéèrè: Ẹ jọ̀wọ́, mọ́tò Y (ọ̀kan nínú àwọn mọ́tò X, Y àti Z tó ń gbé ọ̀bẹ tàbí pákó lọ sí ìhà mẹ́ta) lórí ẹ̀rọ CNC kékeré (ẹ̀rọ tí kọ̀ǹpútà ń darí) tí mo fi ń gbẹ́ pákó ń gbọ̀n, ó sì ń kùn, ṣùgbọ́n kò yí, bẹ́ẹ̀ ni X àti Z ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Bí mọ́tò tó ń yí ọ̀bẹ bá sì ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ìsopọ̀ USB a já. GRBL, ètò orí bọ́ọ̀dù tó ń darí àwọn mọ́tò, ni mo ń lò.

Èsì 1: Wáyà tó já tàbí tí a so lódì ló sábà máa ń fa irú ìgbọ̀nrìrì bẹ́ẹ̀. Ẹ pa iná kí ẹ tó yọ wáyà mọ́tò kankan, nítorí pé yíyọ ọ́ nígbà tí iná ṣì wà lè jó dírafà, ìyẹn ẹ̀yà bọ́ọ̀dù tó ń fún mọ́tò ní iná. Ẹ wá fi mítà wọn wáyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin: méjì tó bá jẹ́ ti kọ́ìlì (wáyà tí a ká sínú mọ́tò) kan náà yóò fi òǹkà kékeré hàn, èyí tí kò bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ kò ní fi ìsopọ̀ kankan hàn. Bí gbogbo rẹ̀ bá pé, ẹ so mọ́tò Y sí ojú ihò X. Bí ó bá yí níbẹ̀, dírafà Y ni kí ẹ fura sí.

Èsì 2: Ní ti USB, n kò rò pé GRBL jẹ̀bi. Ìdíwọ́ iná láti ara mọ́tò ọ̀bẹ ni mo fura sí. Ẹ lo wáyà USB kúkúrú tó ní ìbòrí, kí ẹ sì gbé e jìnnà sí wáyà mọ́tò náà.

Olùbéèrè: Ẹ ṣeun. Wáyà kan ti já nínú pùlọ́ọ̀gì Y, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó dà bí ẹni pé ó dúró ṣinṣin lójú. Mo ti tún un ṣe, ó ń yí. USB ló kù.